Oṣù Mélòó Ni Ó Tó?

Bí oníṣègùn bá ti yọ próstéètì ọkùnrin kan tán nítorí jẹjẹrẹ, tí ojú abẹ ti jinná, tí wọ́n sì ti yọ rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde kúrò lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sá fún ti kúrò nínú ara, ó ti dé yàrá àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún kan, tàbí ọdún márùn-ún, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní PSA, tó yẹ kó ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kò ní rí i mọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Próstéètì nìkan ló ń ṣe PSA lọ́nà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń gòkè lára ẹni tí kò ní próstéètì mọ́, á jẹ́ pé díẹ̀ lára àrùn náà ti sá kúrò níbẹ̀ kí abẹ tó dé.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ìtànṣán tọ́jú, kí ó lè jó ohun tó kù ní ibi tí próstéètì wà tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni ìbéèrè kan ti máa ń dìde. Ṣé kí á tún gba họ́mọ̀nù ọkùnrin kúrò lára rẹ̀, kí àrùn tó kù má baà rí ohun tí yóò jẹ? Bí a óò bá sì gbà á, oṣù mélòó ni ó tó? Ìbéèrè yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti ìfaradà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin kí ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo ka ọ̀nà tí wọ́n gbà wá ìdáhùn náà kún ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó wuyì jù tí ìmọ̀ ìṣègùn ti ṣe lásìkò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ló gbọ́ nípa rẹ̀.

Próstéètì wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ó yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká, ó sì ń pèsè lára omi tí àtọ̀ ń bá jáde. Testosterone, họ́mọ̀nù tí kóró ẹpọ̀n ń ṣe, ló ń mú un dàgbà, òun náà ló sì ń bọ́ jẹjẹrẹ tó bá hù níbẹ̀. Charles Huggins ló fi èyí hàn. Ọmọ Kánádà ni, Halifax ni wọ́n ti bí i ní 1901, iṣẹ́ abẹ ló sì ń ṣe ní Yunifásítì Chicago, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé tiwa ti di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí jẹjẹrẹ ọmú. Ajá ni Huggins kọ́kọ́ lò, torí pé próstéètì ajá náà a máa wú bó bá darúgbó. Ó rí i pé bí òun bá tẹ ajá lọ́dàá, próstéètì rẹ̀ á súnkì. Ní 1941, òun àti Clarence Hodges kọ̀wé pé bákan náà ló rí fún àwọn ọkùnrin tí jẹjẹrẹ próstéètì wọn ti ràn ká: bí wọ́n bá yọ kóró ẹpọ̀n wọn, tàbí tí wọ́n fún wọn ní oògùn tó dà bíi họ́mọ̀nù obìnrin, àrùn náà á fà sẹ́yìn. Àwọn mìíràn tí ìrora eegun ti dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì tún dìde.

Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí kò ní ṣe hàà sí ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn baba wa mọ̀ pé òbúkọ tí a bá tẹ̀ lọ́dàá á sanra, kò sì ní máa jà kiri mọ́. Ààfin Ọ̀yọ́ pàápàá ní àwọn ìwẹ̀fà tirẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá. Ṣùgbọ́n pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè di ìtọ́jú, pé jẹjẹrẹ tí gbogbo ayé gbà pé kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni ṣì ń gbọ́ ti họ́mọ̀nù, ohun tuntun nìyẹn. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi dá Huggins lọ́lá ní 1966, òun àti Peyton Rous ni wọ́n jọ pín in.

Lẹ́yìn èyí, ó pẹ́ gan-an kí irú oògùn mìíràn tó lè rọ́pò abẹ tó yọjú. Iṣẹ́ tí Andrew Schally àti Roger Guillemin ṣe lórí àwọn họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún ara, tí àwọn náà gba Nobel fún ní 1977, ló ṣí ọ̀nà. Ọpọlọ ló máa ń ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n, díẹ̀díẹ̀, ní ìdákúrekú, pé kó ṣe testosterone. Àwọn onímọ̀ wá ṣe oògùn tó jọ iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán yìí, ṣùgbọ́n tí kì í dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, testosterone á tilẹ̀ pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, bí ìgbà tí ọmọ bá ń pe ìyá rẹ̀ láìsinmi títí ìyá kò fi dá a lóhùn mọ́. Goserelin wà lára irú oògùn yìí: hóró kékeré ni, abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí, lóṣooṣù. Ohun tó mú inú mi dùn nípa rẹ̀ ni pé ẹni tó bá dá a dúró, ara rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe testosterone. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ oṣù dúró lé.

Kì í sì í ṣe ìtọ́jú tí ènìyàn ń fi tayọ̀tayọ̀ gbà. Ooru á máa sọ lára ọkùnrin lójijì, òógùn á bò ó lóru, aṣọ ìbora á tutù rinrin. Ìfẹ́ sí obìnrin á lọ, kì í ṣe pé agbára nìkan ló lọ, èrò rẹ̀ gan-an á kúrò lọ́kàn, àwọn aya a sì máa sọ pé èyí ló ṣòro jù láti yé wọn. Ọmú lè yọ. Iṣan á dín, ọ̀rá á gba ipò rẹ̀. Eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́ débi pé ìṣubú kékeré lè dá itan. Ó ń rẹ ènìyàn, rírẹ̀ tí oorun kì í wò. Ẹni tí àrùn ti wọ eegun rẹ̀ kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ìrora rẹ̀ ju gbogbo èyí lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rora. Ó ń jáde, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jó níbi ìnáwó. Nọ́ńbà inú ìwé àyẹ̀wò nìkan ló ń sọ pé nǹkan kan wà. Ká tó gba irú ohun báwọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, ó yẹ kó dá wa lójú pé a ó fún un ní nǹkan dípò rẹ̀.

Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti gbìyànjú ni kí abẹ tó dé. Ó bọ́gbọ́n mu: bí ìtọ́jú họ́mọ̀nù bá lè mú kí àrùn náà súnkì, kí a kọ́kọ́ sún un kì, kí abẹ wá rọrùn. Láàrin ọdún 1990 sí 1999, wọ́n dán èyí wò lórílẹ̀-èdè bíi mélòó kan. Nínú èyí tí Mark Soloway léwájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn fún oṣù 3 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì gbé àwọn yòókù lọ tààrà sí yàrá abẹ. Nígbà tí wọ́n fi maikirosikóòpù wo etí ẹran tí wọ́n gé jáde, àwọn tí kò gba oògùn, 48 nínú 100 wọn ni jẹjẹrẹ ṣì wà létí ibi tí abẹ gbà. Àwọn tó gbà á, 18 péré. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní pàtẹ́wọ́? Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, gbogbo ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì fún ni ì bá máa gba abẹ́rẹ́ lónìí.

Wọn kò dúró. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin náà fún ọdún 5, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. PSA kò tíì padà lára nǹkan bíi 65 nínú 100 àwọn tó gba oògùn. Ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ nǹkan bíi 68. Ẹran inú àwo dára, àwọn tó ni ẹran kò rí ìyàtọ̀ kankan. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí ju èyí tó yọrí sí rere lọ. Ó gba ọkàn líle kí ènìyàn tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ohun tó ti ń dùn mọ́ gbogbo ayé nínú.

Ìwádìí kejì tí mo fẹ́ sọ kéré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kùnà. Edward Messing, oníṣẹ́ abẹ ní Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti yọ próstéètì wọn, tí wọ́n sì ti rí jẹjẹrẹ nínú àwọn kókó wẹ́wẹ́ inú ìbàdí tí ara fi ń gbógun ti àrùn. Àwọn wọ̀nyí ni àrùn náà ti jáde nílé lára wọn. Láti 1988 títí di 1993, 98 péré ni wọ́n rí kó jọ láti ilé ìwòsàn mẹ́rìndínlógójì, iye tó kéré sí èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n ṣẹ́ gègé fún wọn. Àwọn 47 bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú họ́mọ̀nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ láti yan bó ṣe wù wọ́n: abẹ́rẹ́ goserelin lóṣooṣù, tàbí kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n wọn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn 51 yòókù dúró di ìgbà tí àrùn bá hàn gbangba pé ó ti ràn ká, kí wọ́n tó gbà á.

Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní 1999, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń wò wọ́n bọ̀ fún nǹkan bí ọdún 7. Ọkùnrin 7 ló ti kú nínú àwọn 47; 18 ló ti kú nínú àwọn 51. Bí a bá ka àwọn tí jẹjẹrẹ próstéètì fúnra rẹ̀ pa nìkan, 3 ni sí 16. Nígbà tí wọ́n tún wò wọ́n ní nǹkan bí ọdún 12, àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ ṣì ń léwájú. Àwọn onímọ̀ kan bẹnu àtẹ́ lù ú pé ènìyàn 98 kò tó láti fi pinnu fún gbogbo ayé, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, mo máa ń rò nípa àwọn 51 yẹn. Wọ́n mọ̀ pé àrùn náà ti wọ inú kókó ara wọn. Wọ́n gbà kí gègé pinnu fún wọn, ó bọ́ sí ìdúró, wọ́n sì dúró. Bí dókítà bá ń sọ lónìí fún ẹni tó wà nírú ipò yẹn pé kó má ṣe pẹ́, ara wọn ni ó ti mú ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí Messing rí kò kan ọ̀pọ̀ jù lọ, ìyẹn àwọn tí kókó ara wọn mọ́, tí PSA nìkan ń gòkè. Fún àwọn wọ̀nyí, Lọ́ńdọ́nù ni ìdáhùn ti wá. Ní 2007, àwọn tó ń ṣètò ìwádìí ìṣègùn níbẹ̀, pẹ̀lú Chris Parker ti ilé ìwòsàn Royal Marsden, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n pè ní RADICALS. Àwọn ọkùnrin láti Bìrìtéènì, Kánádà, Denmark àti Ireland ni wọ́n kó jọ. Apá kan rẹ̀ béèrè bóyá ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ tètè gba ìtànṣán, ọkùnrin 1,396 ló wà níbẹ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2020: ẹni tó bá dúró títí PSA á fi gòkè kí ó tó gbà á kò pàdánù ohunkóhun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Apá kejì ló kàn wá. Òun ló béèrè nípa ìtọ́jú họ́mọ̀nù: òfo, oṣù 6, tàbí oṣù 24, pẹ̀lú ìtànṣán.

Bí wọ́n ṣe ṣẹ́ gègé náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Wọn kò fi ipá da gbogbo ènìyàn sínú ìbò ọlọ́nà mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí olúkúlùkù àti dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí kò dá wọn lójú. Bó bá jẹ́ pé wọn kò mọ̀ bóyá ìtọ́jú họ́mọ̀nù wúlò fún un rárá, kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ gègé láàrin òfo àti oṣù 6. Bó bá dá wọn lójú pé ó nílò rẹ̀, tí ìwọ̀n àkókò nìkan ń kọ wọ́n lóminú, gègé á wà láàrin oṣù 6 àti 24. Ibi tí iyèméjì ènìyàn bá wà gan-an ni wọ́n ti bi í léèrè. Wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni kó ṣe bí ẹni pé òun kò mọ ohun tó mọ̀. N kò rò pé mo ti rí ìwádìí mìíràn tó fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn fún aláìsàn.

Títí di 2015 ni wọ́n ń gbà wọ́n wọlé. Àwọn mìíràn gba abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ń lo bicalutamide, oògùn oníhóró tí kì í dí testosterone lọ́wọ́ kó má wáyé, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ rí i lò. Wọ́n wá dúró. Ìwé èsì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2024, ọdún 17 lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kà ni iye àwọn tó ṣì wà láàyè tí àrùn kò sì tíì ràn lọ sí eegun tàbí ibòmíràn lára wọn.

Nínú ọkùnrin 1,480 tí gègé tiwọn wà láàrin òfo àti oṣù 6, nígbà tó fi di ọdún 10, 79 nínú 100 àwọn tí kò gba ìtọ́jú họ́mọ̀nù rárá ni ara wọn ṣì mọ́. Àwọn tó gbà á fún oṣù 6 jẹ́ 80. Ìyẹn ni pé oṣù 6 náà, pẹ̀lú gbogbo ooru òru rẹ̀, kò mú nǹkan gidi wá. Nínú ọkùnrin 1,523 tí tiwọn wà láàrin oṣù 6 àti 24, ó yàtọ̀: 72 fún oṣù 6, 78 fún oṣù 24.

Ẹni tó bá lójú á béèrè pé báwo ni oṣù 6 ṣe jẹ́ 80 lápá kan, tó sì jẹ́ 72 lápá kejì. Oògùn kan náà ni, àwọn ọkùnrin ni kò rí bákan náà. Àwọn tí àrùn wọn le ni dókítà sábà máa ń darí sí ìbò oṣù 6 àti 24, torí náà a kò lè mú nọ́ńbà láti apá kan ká fi ṣírò pẹ̀lú ti èkejì. Ẹ sì jẹ́ ká má ṣe bú ramúramù lórí 72 sí 78. Bí 100 ọkùnrin bá fara da oṣù 18 sí i, nǹkan bíi 6 nínú wọn ni yóò tìtorí ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìrànká àrùn tàbí ikú tó fi di ọdún kẹwàá. Àwọn 72 kò nílò rẹ̀, àwọn 22 kò rí i gbà là. Kò sì tíì hàn kedere pé ó fi kún iye ọdún tí wọ́n lò láyé lápapọ̀. Kò sí dókítà tó lè nàka sí àwọn 6 yẹn ṣáájú. Nítorí náà, ìwádìí náà kò pinnu fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé òṣùwọ̀n tí ó ṣeé gbára lé ka iwájú ọkùnrin, kí òun àti aya rẹ̀ fi ìgbésí ayé tiwọn wọ̀n ọ́n. Ẹni ọdún 56 tí àrùn rẹ̀ le lè sọ pé òun á gba ọdún 2. Ẹni ọdún 74 tí ọkàn rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ lè ní ó tì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà á sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára nígbà tí mo bá rántí pé àwa gan-an ni àrùn náà ń mú jù. Ní Bìrìtéènì, ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ni jẹjẹrẹ próstéètì máa ń mú láyé rẹ̀. Bí a bá kó gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ pọ̀, 1 nínú 8 ni. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ló máa ń kún inú ìwádìí báwọ̀nyí. Àwọn kan ń sapá láti yí èyí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlákẹ́mi Odédìnà, tó wà ní Mayo Clinic ní Florida, ló ń léwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà, Karibíánì, Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì tó ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ yìí lára àwọn ọkùnrin dúdú. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù ní àǹfààní kan, ìjọba ibẹ̀ ló ń san owó abẹ́rẹ́. Ohun tó kù fún un ni pé kó tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó sì gbà bí wọ́n bá ní kó wá bá wọn ṣẹ́ gègé.

Nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí àrùn ti wọ eegun, ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kò sì kan irú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ lásìkò. Ìṣòro tiwọn ni pé abẹ́rẹ́ oṣooṣù wọ́n, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ sì ti ń san án, bẹ́ẹ̀ ni yíyọ kóró ẹpọ̀n, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, dínwó. Ìdí nìyẹn tí a ṣì ń ṣe ohun tí Huggins ṣe ní 1941. Fún ẹni tí àrùn ti ràn ká, kò burú, ó ń ṣiṣẹ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí dókítà sọ fún pé oṣù 24 tó, tí wọ́n wá yọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀ nítorí owó, kò ní rí i gbà padà nígbà tí oṣù 24 bá pé. Gbogbo ohun tí àwọn ọkùnrin RADICALS fi ọdún 17 wọ̀n fún un ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bicalutamide oníhóró wà lára oògùn tí ìwádìí náà gbà láàyè, kò sì sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Ọmú lè yọ lára ẹni tó ń lò ó, ṣùgbọ́n ó ṣeé dá dúró. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá ní kí ọkùnrin tí kò rora gba ìtọ́jú họ́mọ̀nù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo rò pé iye tí wọ́n ń ta hóró yẹn ló yẹ kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ béèrè, kó tó gbà kí wọ́n tún gbé e padà sí yàrá abẹ.